Ìwé Atọ́ka Tí Mo Ń Kà Fún Ìyá Mi



 Káfíńtà ni mí ní àdúgbò Benson, ní Ìkòròdú níbí. Mo ti fi ayùn àti ìfági sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, torí ojú àti ẹ̀yìn ò gbà á mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú ni mo bá wá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kò dára. Ọ̀rọ̀ ìwé àwòrán ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di fíìmù. Ẹlòmíràn lè ní kí ni àgbàlagbà ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ ní sùúrù, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa á rántí Atọ́ka. Nǹkan bí ọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ West African Book Publishers l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Fún ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ò bá a, fọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe àwòrán tí èèyàn fi ọwọ́ yà. Àwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú ni wọ́n á wọ aṣọ eré, wọ́n á ṣe bí ìgbà tí wọ́n wà lórí ìtàgé, ayàwòrán á sì máa yà wọ́n ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Wọ́n á to àwọn fọ́tò náà sójú ewé, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń sọ sínú àmì funfun róbótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Eré tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe lórí ìtàgé, wọ́n á ká a sínú ìwé pẹlẹbẹ. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Yorùbá tí a ń sọ nílé àti lọ́jà.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Ẹja ló ń tà. Á lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, á gbé e wá sílé, á yan án, á sì tà á lọ́jà Ìkòròdú. Èmi ka ìwé mẹ́fà, mo sì wọṣẹ́ káfíńtà ní ọdún 1971. Kọ́bọ̀ tí ọ̀gá bá fún mi lópin ọ̀sẹ̀, Atọ́ka ni mo fi ń rà. Tó bá di alẹ́, tí ìyá mi àtàwọn obìnrin agboolé bá ń yan ẹja, èmi á jókòó sí ìdí fìtílà, màá máa kà á fún wọn. Ìyá mi á fi ìka ọwọ́ tó ń rùn fún èéfín tọ́ka sí àmì róbótó yẹn, á ní: "Kí ló wà nínú ẹyin yẹn?" Ẹyin ló ń pè é, torí ó rí bí ẹyin lóòótọ́. Èmi á sì ka ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọba ló ń sọ̀rọ̀, màá ki ohùn. Tó bá jẹ́ ìyàwó, màá mú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, ẹja á sì máa jóná.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọdún 1973, mo ra ọ̀kan tó sọ ìtàn ọkùnrin kan tó fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyálé ò bímọ, ìyàwó bí ọkùnrin. Ìyálé wá bu májèlé sí oúnjẹ ọmọ náà. Àṣírí tú, wọ́n lé e jáde nílùú. Mo ti ka ìwé náà tán ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó gbé e délé. Bẹ́ẹ̀ ìyálé ni ìyá mi, èmi nìkan ló sì bí. Ìyá mi kékeré, tó bí márùn-ún, wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ná. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí ẹnu ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì? Ni mo bá yí i padà. Mo ní ará ilé kejì kan ló bu májèlé síbẹ̀, ìyálé ló rí i tó gba ọmọ náà là, gbogbo wọn sì parí ìjà. Inú gbogbo wọn dùn. Ìyá mi kékeré tiẹ̀ ní kí n tún un kà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹgbẹ́ eléré kan wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan nílùú wa. Èmi fúnra mi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi àti ìyá mi kékeré. Mi ò mọ̀ pé eré ọjọ́ náà ni, àfi ìgbà tí mo rí ìyálé tó yọ májèlé láti etí aṣọ rẹ̀. Ara mi tutù. Àwọn èrò ń ṣépè fún ìyálé lórí ìtàgé, ìyá mi jókòó, kò mira. Nígbà tí a ń lọ sílé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.

A délé, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi ní: "Dìde. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀? Ìwé ni mi ò mọ̀, mo mọ ojú èèyàn. Nínú àwòrán tó gbẹ̀yìn, ṣebí mo rí obìnrin yẹn tó di ẹrù rẹ̀ tó ń sunkún jáde? Ìwọ ní wọ́n ti parí ìjà. Ẹni tí wọ́n bá parí ìjà fún, ṣé ó máa ń di ẹrù?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ó wá ní: "Mo jẹ́ kó o máa kà á lọ ni, torí ìtàn tìẹ dùn mọ́ mi, ó sì dùn mọ́ ìyá rẹ kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, tó o bá yí ìtàn padà, sọ fún mi pé o yí i padà. Má gbé ẹyin tìẹ sábẹ́ adìẹ aládìẹ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo ìwé àwòrán tí wọ́n bá sọ di eré, àti eré tí wọ́n bá sọ di ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bínú pé fíìmù ò rí bí ìwé ti rí. Èmi kì í bínú sí èyí. Igi tí a fi ṣe ilẹ̀kùn, a lè fi irú rẹ̀ kan náà ṣe àga. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó bá kun igi lásán ní ọ̀dà, tó wá ń pè é ní ìrókò, olè ni. Kí ẹni tó yí ìtàn padà jẹ́ ká mọ̀ pé òun yí i. Ìdájọ́ ìyá mi nìyẹn, kò sì tíì jìn mí lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wọn Papa Ajasco. Ọdún 1976 ni ọ̀gbẹ́ni Wálé Adénúga bẹ̀rẹ̀ ìwé Ikebe Super. Àwa ọ̀dọ́ nígbà náà, abẹ́ pátákó ní ṣọ́ọ̀bù la ń tọ́jú rẹ̀ sí, torí àwòrán inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè ṣí níwájú àgbà. Baba olórí pípá yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára obìnrin, ó pa wá lẹ́rìn-ín dé ibi pé a gé ìka jẹ lórí iṣẹ́. Ní ọdún 1984 wọ́n fi ṣe fíìmù, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1990 sí 1999, ó dé orí tẹlifíṣọ̀n, tòun ti Boy Alinco àti Pa James. Wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ ìwà ìbàjẹ́ inú ìwé kúrò. Ìyá, bàbá àti ọmọ lè jókòó wò ó pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n ti ba Papa Ajasco jẹ́, pé iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀ mọ́. Èmi ní rárá o. Ẹni tó ni adìẹ ló ni ẹyin, òun fúnra rẹ̀ ló sì yí i padà lójú gbogbo wa. Orí pípá náà ò yí padà, ìwà òmùgọ̀ tó ń kó baba náà sí ìjàngbọ̀n ò yí padà. Wọ́n kàn pààrọ̀ èrò tí yóò wò ó ni.

Èkejì ṣẹlẹ̀ nílùú wa níbí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2014, wọ́n tẹ ìwé àwòrán kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Ciudad. Ọ̀gbẹ́ni Ande Parks ló kọ ọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń jẹ́ Russo. Ìtàn ọkùnrin ológun kan ni, tí wọ́n háyà láti lọ gba ọmọbìnrin kan tí wọ́n jí gbé, nílùú kan ní orílẹ̀-èdè Paraguay. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n gbé e jáde bíi fíìmù lórí Netflix, wọ́n pè é ní Extraction. Ọmọbìnrin ti di ọmọkùnrin. Paraguay ti di Bangladesh. Orúkọ náà ti yí padà. Ẹni tí kò bá mọ̀dí, kò ní mọ̀ pé inú ìwé àwòrán ni ó ti wá.

Ní ọdún 2020 náà ni àwọn ọmọ Ìkòròdú wa, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ikorodu Bois, mú ìpolówó fíìmù yẹn, wọ́n sì tún un ṣe lọ́nà tiwọn. Ohun tó wà nílé àti ní àdúgbò ni wọ́n máa ń fi ṣe iṣẹ́ wọn. Bárò lè di ọkọ̀, igi lè di ìbọn. Ìṣísẹ̀ kan ò yẹ̀. Àwọn Russo fúnra wọn rí i, wọ́n yìn wọ́n ní gbangba, wọ́n ní kí wọ́n wá síbi àkọ́wò fíìmù kejì tó bá ṣe tán. Netflix náà fi ẹ̀rọ ìyàwòrán àtàwọn ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún náà.

Nígbà tí ọmọ mi fi hàn mí lórí fóònù, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ wò ó, láti ìwé dé fíìmù, láti fíìmù dé àdúgbò Ìkòròdú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtàn kan náà pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àwọn ọmọ tiwa ni ìyá mi ì bá yìn jù. Wọn ò ti bárò pa mọ́. Wọ́n jẹ́ kí o rí bárò, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí o gbà pé ọkọ̀ ni. Irú òótọ́ tó wà nínú eré nìyẹn.

Mo dé ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1975 ìwé àwòrán kan jáde tí wọ́n ń pè ní Powerman. Ọmọ ọ̀gá mi ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, ó lágbára, ó ń fò lófuurufú, ejò nìkan ló lè mú un. Àwa ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, pé òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń ya àwòrán rẹ̀. Gibbons yìí ló wá ya Watchmen ní ọdún 1986, èyí tí wọ́n sọ di fíìmù ní ọdún 2009. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwòrán Powerman kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n rò pé a lè má mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ kà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, èmi tí mo ti ń ka Atọ́ka fún odindi agboolé! Ojú wa ló wà nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ẹyin inú rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Lónìí, àwọn ọmọ tiwa ti gba ọwọ́ ayàwòrán. Ọ̀gbẹ́ni Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, ló kọ Iyanu: Child of Wonder, tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021. Ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Ìyanu ló ní agbára ńlá tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé, aṣọ, orúkọ, gbogbo rẹ̀ ló jọ tilẹ̀ Yorùbá àtijọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ó di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dé Cartoon Network. Mo yọ̀, mo jó. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wò ó, bàbá rẹ̀ sì bá a ra ìwé náà.

Ó gbé e wá bá mi nílé. Mo jókòó tì í, mo fi ìka tọ́ka, mo ní: "Kí ló wà nínú ẹyin yẹn?" Ó kà á fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ó já geere. Mo ní: "Ó dáa. Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Ọmọ náà wò mí. Ó wo ìwé. Ó ní: "Bàbá àgbà, kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n kọ." Mo ní mo mọ̀, kó ṣáà sọ ọ́. Kò lè sọ ọ́. Ó mọ Yorùbá tó fi ń ní kí wọ́n fún òun lómi, kò mọ èyí tí akọni fi ń sọ̀rọ̀. Àyà mi já, Olóòtú. Ìyá mi ò mọ̀wé, ó sì gbọ́ gbogbo ẹyin. Ọmọ yìí mọ̀wé, ẹyin náà wà níwájú rẹ̀, ìtàn ilẹ̀ baba rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè pa á ní èdè baba rẹ̀.

Ni a bá dá ọgbọ́n kan. A gé bébà funfun pélébé-pélébé, a ń kọ Yorùbá sí i, a ń fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àwọn ẹyin náà. Iṣẹ́ ńlá ni o! Yorùbá máa ń gùn ju ẹyin lọ, a gbọ́dọ̀ gé e ṣáńṣán. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìwọ àti ẹ̀yin. Nígbà tí a dé ibi tí Ìyanu ti ń bá àgbà obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà sọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ mi kọ "o." Mo ní kó wo àwòrán náà dáadáa. Ó wò ó, ó rí i pé àgbà ni, ó pa "o" rẹ́, ó kọ "ẹ." Inú àwòrán ló ti rí ọ̀wọ̀ tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo rántí ìyá mi, tó rí ẹrù dídì nínú àwòrán nígbà tí mo ń parọ́.

Mi ò bú ẹni tó kọ Ìyanu o. Ó ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ẹ́, àti gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya ìwé àwòrán lónìí: ẹ fún wa ní ẹyin Yorùbá náà. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni Amos Tutuola fi kọ ìtàn ọ̀mu tó lọ wá ẹlẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú, ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1952. Ní ọdún 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé n'Ìbàdàn, ní Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù, ó sì dà bí ẹni pé ilé ni ìtàn náà padà wá. Tí eléré alárìnká bá lè ṣe é nígbà náà, kí ló lè dá wa dúró lónìí tí ẹ̀rọ ti pọ̀ tó báyìí?

Ẹ̀bẹ̀ kejì nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ní Atọ́ka nílé, kó má fi wé àkàrà. Mo ní àpótí kan tó kún fún un, èmi ni mo kan àpótí náà fúnra mi. Mo lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní Ẹ̀pẹ́, kí n tó dé, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ẹyọ kan ló kù, kò ní èèpo iwájú, òun ni mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọmọ mi ní àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀. Kí àwọn ilé ìkàwé wa wá èyí tó kù, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ìyá mi ti lọ sọ́run tipẹ́, ìyá mi kékeré náà ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣàdéédéé rí i pé ọmọ ọmọ mi lẹ "ẹ kú iṣẹ́, mà" mọ́ ẹyin kan. Mo wo abẹ́ bébà, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọmọ gidi ṣe yẹ kó kí àgbà tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Mo kàn fún un ní pẹ́ńsù, mo ní kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ló fi kún un.

 

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Baba Káfíńtà,
Benson, Ìkòròdú.